Èéfín lẹ́nu ìdérí ọ́ìlì kì í ṣe ikú ẹ́ńjìnnì: bí a ṣe ń fọ bírídà tó dí

Ọkọ̀ tó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì. Wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí síìlì ẹ̀yìn ráńkì (irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), wọ́n fi tuntun sí i, òun náà tún ń jò. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èéfín funfun tú jáde fùú, mẹkáníìkì mi orí, ó ní ríìngì (òrùka ara písítìnì) ti lọ, kí wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni pé ríìngì ti lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wò, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, tó sì lè fa gbogbo àmì wọ̀nyí láìjẹ́ pé ríìngì kankan gbó. Bírídà ni, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí.

Ohun tó ń yọ́ gba ara ríìngì kọjá

Nígbà tí bẹntiróòlù bá gbiná lórí písítìnì, agbára gáàsì rẹ̀ ló ń ti písítìnì lọ sísàlẹ̀. Díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ a yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì, a sì bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ níbi tí ráńkì ti ń yí. Kò sí ríìngì tó lè dí ọ̀nà náà pátápátá, ìbáà jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde. Gáàsì yìí ní bẹntiróòlù tí kò jóná nínú, ó ní oru omi, ó ní ásíìdì, ó sì ń gbé ìkùukùu ọ́ìlì tí ráńkì ń ta sókè mọ́ra.

Kò lè dúró síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde. Bí ìkòkò ṣe ń hó tí a sì dé e pinpin, ibi tó bá rọ̀ jù ni oru yóò gbà jáde. Ibi tó rọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì ni gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, síìlì káàmù, síìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn ráńkì, pẹ̀lú ihò gèéjì ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí síìlì tuntun fi máa ń jò nígbà míràn. Síìlì náà kò ní àbùkù, gáàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ti ọ́ìlì kọjá ètè rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì láì tú bírídà wò, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe, owó odindi ló sì gbà.

Láyé àtijọ́, páìpù kan lásán ni wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lẹ́nu páìpù náà ń fa gáàsì jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí ohun tó ń fà á. Ọ́ìlì ń kán sí títì, èéfín rẹ̀ sì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, tí kùrukùru èéfín ọkọ̀ ti sú wọn, ló kọ́kọ́ gbógun tì í láti ọdún 1961, káàkiri Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e láàárín ọdún 1960 sí 1969. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń darí gáàsì náà padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jóná. Fáàfù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń ta pátì ń pè ní PCV.

Họ́ọ̀sì méjì, iṣẹ́ méjì

Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú, ẹ jẹ́ ká fi Camry 2.2 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe láti 1992 sí 2001, látorí èyí tí à ń pè ní Orobo títí dé èyí tí à ń pè ní Pencil Light. Ẹ́ńjìnnì inú wọn ni 5S-FE, wọ́n ṣì pọ̀ lójú títì wa.

Họ́ọ̀sì méjì ló jáde lára tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà rẹ̀. Èkíní lọ sí họ́ọ̀sì ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti éà fílítà wá sí tọ́tù bọ́dì, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ṣí. Ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ mímọ́ nìyẹn. Kò ní fáàfù kankan. Èkejì wà lápá ẹ̀yìn, níhà ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni máńífóòdù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé wà. Ní ìdí họ́ọ̀sì yìí ni fáàfù PCV wà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú òrùka rọ́bà kan lórí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Kò ní ojú bóòtì tí à ń yí, fífà la ń fà á yọ. Ti Corolla onẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE yàtọ̀, yíyí ni a ń yí tiẹ̀ pẹ̀lú spánà.

Inú fáàfù náà, ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń sún síwá sẹ́yìn, síríǹgì sì dì í mú. Bí ọkọ̀ bá wà ní sílò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì tẹ tọ́tù, máńífóòdù ń fà gan-an, ó sì fa ẹ̀yà náà débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà, díẹ̀ ni gáàsì tó ń kọjá. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ló yẹ, nítorí sílò kò lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Bí a bá ń rìn ní ìwọ̀n eré déédéé, ìfà náà dín kù, síríǹgì ti ẹ̀yà náà sẹ́yìn, ọ̀nà sì là sí i. Bí a bá wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátá, bóyá a ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ìfà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, gáàsì sì pọ̀ ju èyí tí fáàfù lè gbà lọ. Nígbà náà ni èyí tó ṣẹ́kù yóò yí padà, yóò gba họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde síwájú tọ́tù bọ́dì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú họ́ọ̀sì ńlá náà, kì í ṣe nǹkan ìyanu. Bó bá ń kán tótó, tó sì ti rin éà fílítà, ìyẹn ni ọ̀ràn. Ó sábà máa ń fi hàn pé ọ̀nà ti PCV ti dí, tí gbogbo gáàsì sì ń gba ẹnu ọ̀nà jáde ní gbogbo ìgbà.

Fáàfù yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí wọn kì í dárúkọ. Bí iná bá ta padà láti inú máńífóòdù, á pa ọ̀nà dé kí iná má bàa wọ yàrá ìsàlẹ̀ tó kún fún oru bẹntiróòlù.

Kí ló ń dí i?

Oru omi àti ọ́ìlì tó ti gbó ló ń pàdé, tí wọ́n ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú. Ọkọ̀ tí kì í rìn ju ilé sí ọjà lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ooru tó lè gbẹ omi, ló ń ní i jù. Ọkọ̀ tó ń fi wákàtí méjì jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sàn jù ú lọ, nítorí ní sílò, afẹ́fẹ́ tó ń fọ yàrá ìsàlẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi ti ọ́ìlì tí wọn kì í pààrọ̀ lásìkò kún un, àti ti ayédèrú ọ́ìlì tó kún ìgboro. Họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ arúfin: bí rọ́bà rẹ̀ bá ti rọ̀ nítorí ọ́ìlì, ìfà máńífóòdù yóò fún un pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rí i pé ó là bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Irú dídí yìí ti tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Bí a ṣe ń mọ̀ kí a tó tú ohunkóhun

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ó wà ní sílò. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ jìnnà sí fáànù àti fáànù bẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra ṣí ìdérí ọ́ìlì. Ọ́ìlì díẹ̀ lè ta sókè, ooru rẹ̀ sì lè bó ni lára. Ẹ fi abala ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tàbí bébà bo ihò náà. Bí bírídà bá ṣe dáadáa, ihò náà yóò fa ọ̀rá náà mọ́ra díẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń fò sókè, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ jáde ṣáá, gáàsì ti há sínú.

Ìfà náà lè má hàn dáadáa nítorí pé afẹ́fẹ́ mímọ́ ń wọlé láti họ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Ẹ fa họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ mímọ́ yọ kúrò lára tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kí ẹ dí ihò méjèèjì, ti họ́ọ̀sì àti ti kọ́fà, kí ẹ sì tún fi bébà bo ihò ọ́ìlì. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí bébà náà lẹ̀ mọ́ ihò. Bí kò bá lẹ̀, PCV kò fà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fa PCV yọ nínú òrùka rọ́bà rẹ̀, kí họ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì ṣì wà ní sílò. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ṣíì, kí ìka yín sì mọ̀ pé nǹkan ń fà á. Bí kò bá sí ìfà rárá, ẹ yọ fáàfù kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì kí ẹ tún fi ìka dí họ́ọ̀sì nìkan. Bí họ́ọ̀sì bá fà, fáàfù ló dí. Bí họ́ọ̀sì náà kò bá fà, họ́ọ̀sì ló dí tàbí ẹnu páìpù tó ti wọ máńífóòdù. Ìdánwò kékeré yìí nìkan ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a fa PCV yọ, wọ́n a mì í létí, bó bá dún ṣakaṣaka wọ́n á ní ó dára. Dídún rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Ó fi hàn pé ẹ̀yà inú rẹ̀ kò lẹ̀, kò sọ bóyá síríǹgì rẹ̀ ṣì lágbára. Èyí tí kò bá dún rárá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dájú: ó ti kú tàbí ó ti dọ̀tí gan-an. Ìdánwò tí Toyota fúnra wọn fọwọ́ sí ni pé kí a fi họ́ọ̀sì mímọ́ kan sí i, kí a fẹ́ atẹ́gùn láti ìhà tó wọ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Bí a bá fẹ́ ẹ láti ìhà máńífóòdù, kò gbọ́dọ̀ kọjá àfi pẹ̀lú agbára. Fífẹ́ ni o, ẹ má fà á sẹ́nu, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: pláyà ẹlẹ́nu gígùn, sukudiráfà pẹlẹbẹ, káábù kílínà (oògùn ìfọ kábúrétọ̀) agolo kan, kẹrosíìnì bíi ìdajì lítà nínú abọ́ tí ẹ kò ní fi jẹun mọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, àkísà tí kò ń já fọ́nrán, àti PCV tuntun pẹ̀lú òrùka rọ́bà tuntun. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Káábù kílínà ń gbiná wéré, ẹni tó bá ń fín in sí máńífóòdù tó ṣì gbóná ń fi iná ṣeré. Ẹ fi nǹkan bo ojú, nítorí ó máa ń ta padà láti inú ihò.

Òrùka rọ́bà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Lára ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ó ti le bí ike, bí ẹ bá sì fi ipá fa fáàfù, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, ègé rẹ̀ yóò sì jábọ́ sínú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ yí fáàfù náà lọ sí ọ̀tún àti òsì kí ó tú, kí ẹ tó fà á sókè tààrà. Bí òrùka bá ti fọ́, ẹ fi pláyà ẹlẹ́nu gígùn ṣa ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n jọ lórí tábìlì títí yóò fi pé òrùka kan. Èyí tí kò bá pé, inú ẹ́ńjìnnì ló wà, ó sì lè rìn lọ sí ibi tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ kí ó dí i. Bí ègé kan bá ti wọlé lóòótọ́, tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà gbọ́dọ̀ sọ̀.

Fáàfù tó dọ̀tí, ẹ fín káábù kílínà sí i láti ẹnu méjèèjì, ẹ mì í, ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe é títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣe ìdánwò fífẹ́ un. Ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: fáàfù tí kò wọ́n, tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, mi ò rí ìdí tí a fi ń fọ̀ ọ́ bí kò ṣe pé tuntun tó dára kò sí nítòsí. Káábù kílínà kì í sọ síríǹgì di tuntun. Họ́ọ̀sì, páìpù àti inú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni fífọ̀ wà fún.

Ẹ sì ṣọ́ra lójà. PCV ti ọkọ̀ kan lè wọ inú òrùka ti òmíràn wẹ́kú, kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń gbà kọjá sì yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó bá gba afẹ́fẹ́ jù yóò da sílò rú, yóò sì máa fa ọ́ìlì wọ máńífóòdù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi rà á, kì í ṣe pé ó jọra. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ìdánwò fífẹ́ yóò tú u fó níwájú ẹni tó ń tà á.

Họ́ọ̀sì: bó bá ti le, tó ń ṣán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tó rọ̀ bí àgbàdo tútù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì dára, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gbá inú rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má rẹ rọ́bà sínú káábù kílínà, yóò wú. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ bèèrè họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì àti bẹntiróòlù kì í bà jẹ́. Họ́ọ̀sì omi lásán yóò rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ìfà yóò sì pa á pọ̀, ẹ ó sì padà sí ìdí kan náà.

Ẹnu páìpù tó wọ máńífóòdù ni wọ́n ń gbàgbé jù. Èédú máa ń kó sí i títí ihò rẹ̀ yóò fi kù bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ wá irin díríìlì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò náà lọ, ẹ fi gíríìsì kùn ún, kí ẹ máa fi ìka yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ díríìlì yí i. Gíríìsì yóò mú èédú tó bá tú, kí ó má bàa já sínú máńífóòdù. Ẹ fà á jáde, ẹ nù ún, ẹ kun gíríìsì tuntun, ẹ tún wọlé.

Ó ku inú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Lábẹ́ ibi tí PCV ti jókòó, pátákó irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, PCV tuntun kò ní ṣe ju kí ó máa fa ọ́ìlì lọ. Ẹ tan iná sínú ihò PCV kí ẹ wò ó. Bó bá mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dúdú, tó nípọn, ẹ sọ kọ́fà náà kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú lára 5S-FE. Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì láti alẹ́ di òwúrọ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ inú pátákó náà gbẹ. Omi kankan kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dá a padà, kí ẹ sì kun ṣílíkọ́ònù díẹ̀ sí igun ibi tí irin méjì ti pàdé nìkan. Àwọn tó ń kun gbogbo rẹ̀ yíká ń sọ èyí tó bá yọ sínú di oúnjẹ fún ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì.

Ọkọ̀ tí kò ní fáàfù

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àgbà ló ní PCV. Volvo 240, tí wọ́n ṣe láti 1974 sí 1993, àti 740 pẹ̀lú 940 tó lo irú ẹ́ńjìnnì kan náà, kò ní in. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àpótí kan lára ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ máńífóòdù, tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára gáàsì. Họ́ọ̀sì ńlá gbéra láti orí àpótí náà, ó sì já sí ilé ike kékeré kan tí abala ike onihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Abala yìí ló ń dí iná lọ́nà bó bá ta padà. Láti ibẹ̀, họ́ọ̀sì tínńrín kan lọ sí máńífóòdù, èyí tó tóbi sì lọ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Abala ike yẹn ló ń kọ́kọ́ dí, họ́ọ̀sì tínńrín ló tẹ̀lé e. Ara Volvo yìí ni ìtàn síìlì ẹ̀yìn ráńkì tí kò yéé jò ti wọ́pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé ike tó kéré ju owó ẹyọ lọ ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yanjú, àpótí ló kù. Bóòtì méjì ló dì í mú, ọwọ́ sì nira láti dé ibẹ̀. Fífọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣòro nítorí ògiri inú rẹ̀, nítorí náà tuntun ló dára jù bí àyè bá wà. Ẹ nu ojú ibi tó jókòó sí, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí i.

Ọkọ̀ díísù àtijọ́ ni kí ẹ má fi ìdánwò bébà ṣèdájọ́ fún. Púpọ̀ nínú wọn kò ní tọ́tù tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, nítorí náà máńífóòdù wọn kì í fà bí ti bẹntiróòlù. Èéfín díẹ̀ lẹ́nu ihò ọ́ìlì wọn kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe

Ọgbọ́n ojú títì kan wà: wọ́n á fa họ́ọ̀sì bírídà yọ, wọ́n á kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fi bóòtì dí ihò máńífóòdù. Lóòótọ́, síìlì lè dákẹ́, nítorí gáàsì ti rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ mímọ́ kò fọ yàrá ìsàlẹ̀ mọ́, omi àti ásíìdì dúró sínú ọ́ìlì, eruku sì ń gba ẹnu họ́ọ̀sì wọlé lọ́jọ́ ọyẹ́. Bí wọn kò bá rántí dí ihò máńífóòdù, sílò yóò máa lọ sókè sódò, mẹkáníìkì mìíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) lẹ́bi. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni kí wọ́n dí bírídà fúnra rẹ̀ nítorí pé ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ jáde.

Ìkejì ni dída kẹrosíìnì tàbí díísù sínú ẹ́ńjìnnì láti fi fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá tú lẹ́ẹ̀kan náà yóò lọ bá asẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì, yóò dí i, bíárì ráńkì yóò sì gbẹ. Ohun tó dára ni kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lẹ́yìn tí ẹ bá fọ bírídà tán, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá lẹ́ẹ̀kejì, ní nǹkan bíi kìlómítà 1,500. Ọ́ìlì 5S-FE kò tó lítà mẹ́rin, owó rẹ̀ kò sì lè tó ti bíárì.

Lẹ́yìn fífọ̀

Ẹ fọ ara ẹ́ńjìnnì mọ́ kí ẹ lè rí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, kí ẹ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún wò ó. Síìlì tó ti le kò ní wo ara rẹ̀ sàn. Bí ibì kan bá ṣì ń jò, ìgbà yìí ni ẹ wá lè pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Tọ́tù bọ́dì náà lè nílò fífọ̀, nítorí ọ́ìlì ti ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Ẹ tún ṣe ìdánwò bébà.

Ọ̀rá funfun bí ògì lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Bó bá jẹ́ ìdérí nìkan ló wà, tí ọ́ìlì orí gèéjì mọ́, tí omi redíétọ̀ kò sì dín, oru omi tí bírídà kò kó jáde ni, yóò lọ lẹ́yìn ìrìn gígùn díẹ̀. Bí ọ́ìlì orí gèéjì náà bá funfun, tí omi sì ń dín, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, èyí tó wà láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, ni, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan.

Bí gbogbo ọ̀nà bá ti mọ́, tí PCV ń fà, tí bébà sì ṣì ń fò sókè, ìgbà náà ni kí ẹ yá gèéjì kọ́mpíréṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà. Ti 5S-FE yẹ kó wà ní nǹkan bíi 178 psi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 142, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju 14 lọ. Èyí tó bá kéré, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀, bíi ṣíbí tíì kan, sí sílíńdà náà láti ihò púlọ́ọ̀gì kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà bá fò sókè, ríìngì ti lọ lóòótọ́. Bó bá dúró síbi tó wà, fáàfù tọ́ọ̀pù ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ríìngì. Corolla 1ZZ-FE ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ àyàtọ̀ kan: ríìngì tó ń gbá ọ́ìlì lára wọn máa ń dí, kọ́mpíréṣọ̀n wọn lè pé kí wọ́n sì tún máa mu ọ́ìlì, PCV tuntun kò sì lè gba irú wọn sílẹ̀.